Àdírẹ́sì Méjì Tí Mo Kọ́ Ọmọ Mi

Ìkìlọ̀ kan wọlé sórí fóònù mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá. Orí Wọ́sáàpù ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, sínú ẹgbẹ́ àwa ìyá ní àdúgbò wa ní Gonin Gora. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín tó fẹ́ lọ síbi ayẹyẹ olórí tuntun ní Sátidé. Kí wọ́n má sọ ilé wọn gan-an fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá sọnù, kí wọ́n kọ́kọ́ wo aṣọ ẹni tó ń bi wọ́n. Bó bá jẹ́ ará apá ọ̀hún, kí wọ́n dárúkọ àdúgbò kan ní apá ọ̀hún. Bó bá jẹ́ ará apá tiwa, kí wọ́n dárúkọ àdúgbò tiwa. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ìyá mìíràn."

Ìyá mẹ́tàdínlógún ti fi àtàǹpàkò sí i kí n tó kà á tán. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í ṣe pé kò yé mi. Èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, mo dìde níbi ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe fi ń kọ́ ọmọ tèmi, àwọn kan sì kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. N kò padà lọ sọ ohun tí ìmọ̀ràn náà fojú mi rí ní oṣù kan lẹ́yìn náà. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ẹni tí kò bá gbé ìlú wa lè máa béèrè pé kí ni apá ọ̀hún. Odò ló pín Kaduna sí méjì. Kí wàhálà ẹ̀sìn ọdún 2000 tó ṣẹlẹ̀, ibi tí owó ilé bá ti rọ èèyàn lọ́rùn ló ń gbé. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì kó wá sí gúúsù odò, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì kó lọ sí àríwá rẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni kó. Ẹ̀rù ló kó wa.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, mò ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Mando, ní àríwá. Yàrá kan ni èmi àti àbúrò ìyá mi ń gbé nínú ilé opó kan tó jẹ́ Hausa. Hàjíyà ni gbogbo ilé ń pè é. Nígbà tí wàhálà dé, ó kó àwa méjèèjì sínú yàrá tirẹ̀, ó tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé e fún ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Àwọn tó wá béèrè wa, òun ló dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́ kẹrin, ó fi híjáábù tirẹ̀ bò mí lórí, ó wá aṣọ mìíràn fún àǹtí mi, ó sì fà wá lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà bárékè àwọn sójà. Mo sọ fún un níbẹ̀ pé, "Hàjíyà, màá padà wá kí yín tí nǹkan bá rọlẹ̀."

Nǹkan rọlẹ̀. N kò padà.

N kò gbàgbé rẹ̀. Ìgbà kan wà tí mo ti wọṣọ tán, tí mo ti di bàtà, kí ẹnìkan tó wọlé wá sọ pé òun gbọ́ pé wàhálà tún fẹ́ ṣẹlẹ̀. Mo bọ́ bàtà. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìtìjú wá kún ẹ̀rù, nítorí ẹni tí kò wá fún ọdún méjì, kí ló máa sọ bó bá wá ní ọdún kẹjọ? Híjáábù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí mi, mo ká a sí mẹ́rin.

Mo lọ́kọ, mo bímọ. Nígbà tí ọmọbìnrin mi pé ọmọ ọdún márùn-ún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní àdírẹ́sì. Méjì ni mo kọ́ ọ. Àkọ́kọ́ ni ilé wa ní Gonin Gora, ní gúúsù odò. Èkejì ni èyí: "Mando, lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà kejì lọ́wọ́ ọ̀tún, ilé onígéètì búlúù tí igi máńgòrò wà níwájú rẹ̀." Ilé Hàjíyà ni. Òun nìkan ni ilé tí mo mọ̀ dáadáa ní àríwá odò, n kò sì fẹ́ kí ọmọ mi máa sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tètè mọ̀ pé irọ́ ni. Bí ẹni tó bi í bá wọ híjáábù tàbí tó dé fìlà Hausa, kó sọ Mando. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó sọ Gonin Gora. Ó mọ nọ́ńbà fóònù mi lórí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, nítorí àwọn ajínigbé. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo ń dán an wò.

Ọkọ mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ìjọba, máa ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ lò ń tọ́ ni, àbí sójà?"

"Sójà ń sọnù?" ni mo máa ń dá a lóhùn.

Ọdún tí ọmọ náà pé mẹ́sàn-án ni wọ́n búra fún olórí tuntun. Bí inú ìlú ṣe dùn lọ́dún yẹn, n kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn èèyàn tí wọn kì í kí ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn. Kódà ní apá tiwa, níbi tí ọ̀pọ̀ kò ti dìbò fún un, mo gbọ́ tí àwọn oníbàárà mi ń sọ pé bóyá iná á máa wà, bóyá ojú ọ̀nà á ṣeé rìn. Wọ́n kéde pé àwọn olórin máa wá ṣeré ní ọ̀sán Sátidé ní pápá ńlá àárín ìlú, ọ̀fẹ́ sì ni.

"Mọ́mì, gbogbo kíláàsì wa ló ń lọ," ni ọmọ mi wí.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà ní kíláàsì?"

"Méjìlélógójì."

"Ó dáa. Ka àwọn tó ń lọ fún mi."

Ó kà á dé orí márùn-ún, ó dákẹ́. Bàbá rẹ̀ fi ìwé ìròyìn bojú, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ọkọ mi sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, "Ibi tí ìlú yìí ti ń sunkún nìkan la ti ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ yìí. Jẹ́ kó rí i níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín." Mo ní ó dáa, bí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ lọ.

Mo rán ẹ̀wù fún ọmọ náà fún ọjọ́ yẹn: àǹkárá aláwọ̀ ewé, kọ́là funfun, bọ́tìnnì mẹ́rin níwájú. Bọ́tìnnì kẹrin já ní àárọ̀ Sátidé, mo sì fi òwú dúdú gán an padà nítorí òwú ewé ti tán.

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni a dé pápá. Mi ò rí èrò tó tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kún orí igi dógóyárò tó yí pápá ká. Wọ́n ń ta sóbò àti kúnnù nínú ọ̀rá, wọ́n ń ta fìlà aláwọ̀ ewé àti funfun. Bàbá arúgbó kan tó jókòó níwájú wa yọ ẹ̀pà nínú àpò, ó bù ú fún ọmọ mi. Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ ní Hausa. Mo gba ẹ̀pà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ ọ́ sínú báàgì mi. Bàbá náà rí mi. Kò bínú. Ó bù díẹ̀ sẹ́nu ara rẹ̀, ó jẹ ẹ́ níṣojú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yíjú sí orin. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ojú máa ń tì mí.

Orin bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú àwọn orin Hausa ni ọmọ mi mọ̀, èmi tí wọ́n bí sí ìlú náà, ìdajì ni mo mọ̀. Ó ń fò sókè, ó ń jó, mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ọkọ mi ní òun fẹ́ lọ ra omi tútù kún tiwa, kí a má kúrò níbi tí a wà.

Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orin dákẹ́. Ọkùnrin tó ń darí ètò sọ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé àkókò ìrun Alásárì ti tó, kí àwọn tó fẹ́ kírun tò, kí àwọn yòókù jọ̀wọ́ fún wọn láyè. Pápá náà ṣí bí ìgbà tí èèyàn la irun orí sí méjì. Àwọn ọkùnrin ń tò síwájú, àwọn obìnrin ń tò sẹ́yìn wọn, àwọn tí kò kírun ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ku matsa, ku matsa," ni wọ́n ń sọ, pé kí a sún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé ẹní dání sọ fún mi pé, "Madam, ẹ jọ̀ọ́, kúlà yín." Kúlà omi wa wà láàárín ìlà rẹ̀. Ó wúwo, ọwọ́ méjì ló gbà. Mo fi ọwọ́ ọmọ mi sílẹ̀, mo gbé kúlà. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni mo gbé. Nígbà tí mo yíjú padà, ìlà àwọn obìnrin tó fẹ́ kírun ti wà láàárín èmi àti ibi tó dúró sí, n kò sì rí i mọ́.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìrun.

Gbogbo pápá náà pa lọ́lọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, síbẹ̀ mo ń gbọ́ asíá tó ń fẹ́ lórí òpó. Bí mo bá pe ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó máa gbọ́, níbi yòówù kó wà. N kò pè é. Mo mọ̀ pé wọn kì í kọjá níwájú ẹni tó ń kírun. Mo sì ń rò ó pé, obìnrin tí kò borí, tó ń pariwo lójú ìrun, ní ìlú yìí, kí ni wọ́n máa ṣe fún mi? Mo dúró, mo gbá kúlà mọ́ra, mo ń sọ orúkọ rẹ̀ nínú ẹnu. Wọ́n tẹ̀, wọ́n wólẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n tún wólẹ̀. Nígbà tí wọ́n sálámà tán, mo lanu láti kígbe, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì bú sórin lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kígbe. Èmi alára ò gbọ́ ohùn mi.

Ọkọ mi padà dé pẹ̀lú omi mẹ́ta lọ́wọ́. Ó wo ojú mi, ó jù wọ́n sílẹ̀.

A wá a títí. Fóònù kò lọ, nítorí èrò ti pọ̀ jù fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní aago márùn-ún, a dé ẹ̀gbẹ́ pèpéle, mo sì bẹ ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí ètò pé kó bá wa kéde. Mo sọ fún un: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, kọ́là funfun tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì méjì, gígùn ẹ̀wù láti èjìká jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, bọ́tìnnì mẹ́rin, tí wọ́n fi òwú dúdú gán ọ̀kan.

Ó dá kíkọ̀wé dúró. "Haba, madam. Ọmọ lẹ ń wá ni, àbí ẹ̀wù?" Ó rí omijé mi, ó bá gbé ọwọ́ lé àyà. "Ẹ má bínú. Ẹ wo pápá yìí. Ọmọ tí kò wọ ewé àti funfun lónìí ló ṣòro láti rí." Ó kéde rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ní Hausa àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Èrò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọbìnrin sókè lórí ọwọ́, kí n lè rí ojú wọn. Mo ka ọmọ mọ́kànlá. Kò sí tèmi níbẹ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọmọ mi kò sí ní pápá mọ́. Obìnrin kan tó wọ híjáábù aláwọ̀ ọsàn ti rí i láàárín ìlà, ó ń sunkún. Ó dúró tì í títí wọ́n fi kírun tán, ó wò yíká, kò rí ìyá kankan, ọkọ rẹ̀ sì ń dúró dè é nínú ọkọ̀. Ó bi í ní Hausa pé, "Níbo ni ilé yín?" Ọmọ mi wo híjáábù. Ó nu ojú. Ó sọ ọ́ láìṣì ọ̀rọ̀ kan: Mando, lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà kejì lọ́wọ́ ọ̀tún, ilé onígéètì búlúù. Inú obìnrin náà dùn. Ọ̀nà ilé tirẹ̀ ni.

Ká ní ọmọ mi sọ òótọ́ ni, ká ní ó fún un ní nọ́ńbà mi, obìnrin náà ìbá gbé e wá bá mi. Irọ́ tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọ ló mú un kúrò nítòsí mi.

Ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, a jáde sójú títì níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni. Ohùn arúgbó kan sọ ní Hausa pé, "Ṣé ìwọ ni ọmọ Yorùbá tí áyọ́ọ̀nù eléèédú mi jó lápá òsì?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá la wọ̀ dé Mando. Bí a ṣe ń wọ àdúgbò náà, mo ń retí pé ẹ̀rù á bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọmọ ti gba gbogbo àyè. Géètì náà ti di pupa. Wọ́n ti gé igi máńgòrò náà, ó ku kùkùté. Ọmọ mi jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá, ó ń jẹ túwó. Nígbà tó rí wa, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Mọ́mì, mo sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi." Ó ń retí kí n yìn ín.

Mo fẹ́ gbá a mọ́ra, obìnrin oníhíjáábù ọsàn sì dìde dúró láàárín wa. Ó ti rán ọkọ rẹ̀ lọ sílé, òun ní òun ò ní lọ títí òun á fi fojú ara òun rí ìyá ọmọ. "Ẹ dúró ná," ó wí. "Bọ́tìnnì mélòó ló wà lára ẹ̀wù rẹ̀?"

"Mẹ́rin. Wọ́n fi òwú dúdú gán èyí tó wà nísàlẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló kúrò lójú ọ̀nà. Mo di ọmọ mi mú, mo sì di obìnrin náà mú pẹ̀lú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò dúró díẹ̀ sí i ní pápá. Ó ní, "Wallahi, mo bi ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mẹta pé ṣé ilé wọn ni lóòótọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sọ ilé náà bí ẹni ń ka ìwé. Kí ló dé tí ẹ̀yin ò pè é nígbà tí gbogbo wa dákẹ́?"

"Mi ò fẹ́ da ìrun yín rú."

Ó wò mí tìyanu tìyanu. "Kí ìyá máa wá ọmọ rẹ̀? Gbogbo wa ni à bá bá yín wá a."

Hàjíyà jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà dé, tó bi í pé ta ló fún un ní àdírẹ́sì yìí, tó sì gbọ́ orúkọ mi, ó bi í ní nọ́ńbà mi. Ọmọ mi kọ̀, ó ní àfi ẹni tó bá mọ ìyá òun. Hàjíyà wá sọ fún un nípa àpá tó wà lápá òsì mi, bí gígùn rẹ̀ ti tó àti ọjọ́ tí mo gbà á. Ìgbà náà ni ọmọ náà ka nọ́ńbà mi fún un.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Hàjíyà. Ó fọwọ́ pa mí lójú. Ó ṣì rántí Yorùbá tó kọ́ lọ́wọ́ àwa ayálégbé rẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ilé mi dára láti fi parọ́, kò dára láti wá kí."

Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Híjáábù mi dà?"

"Ó wà, Hàjíyà. Mo ká a sí mẹ́rin."

"Ṣé ẹ ò tíì tà á? To, madalla, ó dára bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo àgbàlá sì bá a rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lórí iyanrìn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fọ híjáábù náà, mo lọ̀ ọ́, mo sì gbé e lọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ kí i láàárín ọdún mẹ́ta kó tó kú. Mo kà á. Ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò sọ pé kò séwu. Mo mọ ewu ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ, mo sì ṣì ń bẹ̀rù títí di òní, tí ọmọ náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ń ráhùn pé mò ń pe òun jù. Ṣùgbọ́n mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ká ní ilé mìíràn ni mo fi parọ́ náà, obìnrin rere yẹn ìbá dé ẹnu ọ̀nà kan tí wọn kò ti mọ ọmọ mi, ilẹ̀ ìbá ti ṣú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ì bá sì máa ronú irọ́ tó kàn. Ojú ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni mo fi irọ́ dí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, mo bẹ̀ yín. Kí ó tó di Sátidé, ẹ pe ọmọ yín jókòó, ẹ kọ́ ọ ní àdírẹ́sì kan ṣoṣo, ilé yín gan-an, àti nọ́ńbà fóònù yín. Ẹ sọ fún un pé kó pè yín sókè bó bá sọnù, kódà bí gbogbo pápá bá dákẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìkìlọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́.